Ẹsẹ̀ tí Ludi Gbà Là

Láìfepo bọyọ̀, bàbá ọkọ mi ló ba ọ̀rọ̀ Ludi àti Selmo jẹ́. Àwọn kan ní abúlé wa ṣì ń sọ pé Ludi fúnra rẹ̀ ni, pé ojú rẹ̀ ga jù, pé ìwé tó kà ti kó sí i lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, nítorí inú ilé náà ni mo wà. Èmi ni mò ń dáná, èmi náà ni mo sì ń gbọ́ ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn ògiri ọparun.

Belen lorúkọ mi. Nardo, ẹ̀gbọ́n Ludi, ló gbé mi níyàwó, ó fi mí sílé bàbá rẹ̀ ní etíkun Antique, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Ìyá wọn ti kú kí n tó dé. Àwa mẹ́ta la kù nílé: èmi, Ludi, àti bàbá wọn, Melecio, tí tèwe tàgbà ń pè ní Tay Melecio, ìyẹn Bàbá Melecio. Ludi ń ṣe iṣẹ́ físíò ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, tàbí tí gìgísẹ̀ ń ta bí ẹni tẹ ẹ̀gún tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Á fọwọ́ wá ibi tó ń dùn ún rí, á kọ́ ọ ní eré ìdárayá tí yóò máa ṣe nílé, bí onítọ̀hún ò bá sì ṣe é, á fi ẹnu nà án.

Adẹ́mu ni Selmo. Ẹmu àgbọn tó ń dá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni òun àti ìyá rẹ̀, opó kan tí a ń pè ní Nay Consing, ìyẹn Ìyá Consing, fi ń jẹun. Ọkùnrin tó ń gun igi tó ga ju ilé ìjọsìn lọ láìjábọ́, ilẹ̀ pẹlẹbẹ ló ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Alùpùpù kan ló gbá a lójú ọ̀nà ọjà, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún fọ́, wọ́n fi pílásítà dì í. Nígbà tí wọ́n tú pílásítà ọ̀hún, ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀ tín-ín-rín, awọ ara rẹ̀ ń bó, kò sì ṣeé mì síwá tàbí sẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e wá síwájú Ludi.

Ludi sọ fún mi pé àwàdà ni Selmo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tòun, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nínú pílásítà, kí Ludi bá òun wá tòun jáde. Ludi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀, ó ní kó fi àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fà á jọ. Selmo làágùn lórí aṣọ yẹn bí ẹni ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi gun iyanrìn. Lẹ́yìn náà ó ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè, kó máa fi àtàǹpàkò kọ lẹ́tà sínú afẹ́fẹ́, láti A títí dé ìparí, kí ọrùn ẹsẹ̀ lè rántí gbogbo ọ̀nà tó ń gbà yí tẹ́lẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìgbà tó yá ni Ludi wòye pé ọ̀gbẹ́ni ò kọ ju lẹ́tà mẹ́rin lọ mọ́, lẹ́tà mẹ́rin náà ló ń kọ ní àkọtúnkọ, orúkọ òun sì ni.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì mí. Ó pè mí ní Manang bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní, “Manang Belen, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí àánú?”

Mo bi í pé ṣé ó ń ṣàánú àwọn tó kù náà ni. “Bàbá onígìgísẹ̀ tó ń wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ṣé o ti kun ètè pupa bí ata rodo nítorí tiẹ̀ rí?”

“Ta ló fi nǹkan kan kun ètè?”

“Lọ wo dígí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, ó sọ ọ́ jáde: bó bá jẹ́ àánú ni, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá san ló máa tán. Mo ní kó dúró kí ẹsẹ̀ san nígbà náà, kó wò ó. Ẹsẹ̀ ń san díẹ̀díẹ̀. Selmo ju ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀, ó ń tiro, lẹ́yìn náà ó ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà ò tán. Ńṣe ló ń burú sí i, débi pé ọmọbìnrin tó ń sùn bí òkúta tẹ́lẹ̀ ń yí kiri lórí ẹní.

Nígbà tó di pé wọn ò lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́, Selmo rán Tiyo Gorio wá. Bàbá àgbà yìí ni wọ́n máa ń rán sílé ọmọ ní agbègbè wa, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn. Ó fi wákàtí kan gbáko yin òdòdó tó wà nínú ilé wa kí ó tó sọ pé ẹnìkan fẹ́ já a. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí kí Tay Melecio lé e jáde, torí ọmọ tó rán lọ sí yunifásítì Iloilo, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ ṣe físíò nílẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe adẹ́mu ló ní lọ́kàn fún un. Ṣùgbọ́n bàbá náà gbà. Ó ní kí ọmọkùnrin náà wá ṣe pangagad.

Itọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá Tiyo Gorio lórí. Ó ní ta ló ṣì ń ṣe ìyẹn láyé ìsìnyí. Pangagad ni kí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wá sin bàbá ọmọ nínú ilé, kó pọnmi, kó ṣẹ́gi, kó roko, títí bàbá yóò fi ní ó tó.

“Èmi ṣe é,” Tay Melecio dáhùn. “Ìyá Ludi tó ẹni tí mo ṣe é fún. Àbí ọmọ tiẹ̀ ò tó ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún?”

Tiyo Gorio lọ jíṣẹ́ náà fún Selmo. Àwọn òfin ibẹ̀ náà, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń sìn ò gbọdọ̀ ráhùn, kò sì gbọdọ̀ jókòó àfi bí wọ́n bá ní kó jókòó. Ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ bá a bẹ̀bẹ̀. Bó bá bẹ̀bẹ̀ fún un, gbogbo ìsìn náà dòfo, ọkùnrin á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á pe ẹbí méjèèjì jọ, wọ́n á bi ọmọbìnrin léèrè lójú gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ níbẹ̀ ni abẹ gé. Kò lè gbé e mì padà.

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì gbà á láti sọ̀rọ̀, Ludi lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ṣàlàyé pé eegun ti so pọ̀ o, ṣùgbọ́n iṣan tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú ò tíì le, pé ẹrù wúwo àti ẹrẹ̀ oko ìrẹsì lè tú gbogbo iṣẹ́ ká. Ó ní kí Tay jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe, kó máa tún àwọ̀n, kó máa hun agbọ̀n. Bàbá náà ò gbójú sókè. Ó bi í pé ṣé ọkùnrin ló fẹ́ fẹ́ ni àbí ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Selmo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn, gbogbo wa sì rò pé ìkórè ni yóò parí sí. Orísun omi wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, inú garawa méjì ló sì ń fi ọ̀pá èjìká ru omi gòkè. Mo rí bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Tó bá ti rí mi, á tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọingbọin, á bi mí pé kí lobẹ̀. Nígbà tí òjò dé, bàbá náà fi ẹfọ̀n àti ìtúlẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti tẹ ẹrẹ̀ oko ìrẹsì rí á mọ̀ pé ńṣe ló ń fa ẹsẹ̀ mu, tí èèyàn bá sì fà á yọ, ọrùn ẹsẹ̀ á lọ́. Selmo ń fà á yọ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀.

Lọ́jọ́ tó bá ní àyè, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn, Ludi á sì gbé ẹsẹ̀ náà lé itan. Á fi ìka tẹ ibi tó wú, ojú ìka á sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìyẹ̀fun pípò. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè sọ̀rọ̀. Ludi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìsìn náà sílẹ̀. Ó ní kí àwọn méjèèjì sá lọ sí Iloilo, bí àwọn mìíràn ti ń ṣe, kí wọ́n padà wá tọrọ àforíjì nígbà tí inú bàbá bá rọ̀.

“Kí ìyá mi wá máa fi ojú wo ta ni lọ́jà?” Selmo ní. “Wọ́n á ní adẹ́mu ò lè sìn, ó jí ọmọ olọ́mọ gbé.”

“Ẹsẹ̀ ẹ ń bàjẹ́, Selmo.”

“Jẹ́ kó bàjẹ́. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.”

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ludi ní ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju ẹ̀gún lọ, torí Selmo gbà á gbọ́.

Ludi ní kí Selmo máa ki ẹsẹ̀ bọ omi oníyìnyín tó bá ti oko dé, kí wíwú náà lè fà. Nay Consing da omi náà nù. Ẹ mọ bí àwa èèyàn ibí ṣe gbà á: ẹsẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ dé tó ṣì gbóná ò gbọdọ̀ kan omi tútù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣan á máa gbọ̀n títí ayé. Òróró gbígbóná ló fi pa á, ló wá fi ewé wé e, ẹsẹ̀ náà sì wú sí i. Nígbà tí Ludi lọ ṣàlàyé fún un, ìyá náà ò ní kó jókòó. Ó pè é ní Inday bí a ti ń pe ọmọbìnrin, ó ní, “Inday, ilé yín lẹ ti ń bà á jẹ́ lójúmọmọ. Ẹ má tún wá kọ́ mi bí n ó ṣe tọ́jú rẹ̀ tó bá délé.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, Ludi sì yíjú sọ́nà ilé.

Nígbà tí ìkórè kù díẹ̀, Ludi mú un lọ rí oníṣègùn eegun ní Iloilo. Wọ́n ya ẹ́síréè. Oníṣègùn ní ojú ibi tí eegun ti pàdé ti ń jẹra wọn. Bó bá sinmi báyìí, tó sì padà sẹ́nu ìdárayá rẹ̀, ó lè san pátápátá. Bó bá tún fi wọ ẹrẹ̀ ọdún kan sí i, yóò gan, wọ́n á fi irin dè é lójú kan, á máa fi rìn lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kó gbàgbé igi gígùn. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bọ̀, Selmo ní ìkórè ti dé tán, ìsìn ti parí, kí ni wọ́n tún ń bẹ̀rù. Ludi di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé. Èmi náà gbàgbọ́ pé ó ti parí.

Ọjọ́ ìbéèrè pé. Nay Consing àti Tiyo Gorio gun àtẹ̀gùn ilé wa pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yan, àti ẹmu àgbọn tí àwọn ọ̀rẹ́ Selmo bá a dá. Mo ti tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì. Tiyo Gorio sọ ọ̀rọ̀ dídùn, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Tay Melecio wá dìde. Ó yin Selmo lójú gbogbo wa, ó ní òun ò rí àṣìṣe kan nínú ìsìn rẹ̀, mo sì rí i tí ojú Selmo tàn. Lẹ́yìn náà ló ní ṣùgbọ́n ìjì ti lu ìrẹsì ọdún yìí, ohun tó wọlé ò tó nǹkan, ìsìn tí kò kún abà kò tíì jẹ́ ìsìn. Kí ó tún ṣe ọdún kan sí i.

Tiyo Gorio gbé ife ẹmu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo Ludi, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti lọ lójú rẹ̀. Selmo gbé ọwọ́ lé orí àga, ó ń gbé ara rẹ̀ dìde, ẹsẹ̀ dídára ló sì fi ń dìde.

“Tay,” ó ní, “ọdún kan ò tó nǹkan kan. Mo ti—”

“Mi ò fẹ́ ẹ.”

Ludi ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Bàbá rẹ̀ yíjú sí i, ó ní wọn ò tíì bi í léèrè. Ó ní kí wọ́n bi òun nígbà náà. Tiyo Gorio wá bi í bí òfin ti wí, pé ṣé ó fẹ́ Anselmo yìí.

“Rárá. Mi ò fẹ́ ẹ.”

Nay Consing ló kọ́kọ́ mira. Ó ká ewé bo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e. Ẹbí tí wọ́n bá kọ̀ lọ́jọ́ ìbéèrè kì í jẹun nílé ọmọ, omi pàápàá wọn kì í mu. Selmo dúró, ó ń wo Ludi. Ludi ń wo ilẹ̀. Nígbà tó pẹ́ tí kò gbójú sókè, Selmo di ọparun àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Títí tó fi dójú ọ̀nà ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀.

Nínú ilé ìdáná, Ludi bì. Mo di iwájú orí rẹ̀ mú. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà, mo bi í pé ṣé wèrè ni.

“Ì bá gbà, Manang. Ẹ gbọ́ ọ tó fẹ́ gbà. Tó bá tún gba ọdún mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ó máa gbà á.” Ó nu ẹnu. “Èmi nìkan ni mo lè dá a dúró.”

“O ò bá kúkú sọ òótọ́ fún bàbá ẹ níbẹ̀.”

“Ìyẹn á jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Á dòfo bákan náà. Selmo á sì tún máa bọ̀ láàárọ̀ wá pọnmi, kó lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

Ó jóòótọ́. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó máa sìn lọ ò ní síwọ́, àfi èyí tí ọmọbìnrin bá fẹnu ara rẹ̀ kọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, a jọ sunkún.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló gba ìtọ́jú Selmo. Ludi sọ ohun gbogbo tí yóò máa ṣe fún un: bí yóò ṣe fi okùn rọ́bà fa ẹsẹ̀, bí yóò ṣe dúró létí àtẹ̀gùn kí gìgísẹ̀ máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí Selmo bá wà nínú ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn ni Ludi ń gbà jáde. Ọdún kan kọjá. Bàbá ọkọ mi mú àwọn ọkùnrin méjì wá, olùkọ́ kan àti ẹnìkan tó ń bọ̀ láti Kánádà. Ludi gbé omi fún wọn mu, ó bi wọ́n léèrè ara, kò sì jókòó tì wọ́n. Tay Melecio ò bínú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí àwa méjèèjì ń bọ̀ láti ọjà, a gba abẹ́ àwọn àgbọn ẹ̀gbẹ́ òkun kọjá. Selmo wà lókè. Ludi dúró. Kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tẹjú mọ́, bó ṣe ń tẹ igi, bó ṣe ń ká, bó ṣe ń gbé gbogbo ara ọkùnrin náà láìgbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá mi lápá. “Ẹ rí i? Ó ń lo gìgísẹ̀ dáadáa.” Ọ̀nà tó kù ni ó fi sọ fún mi bí iṣan yẹn ṣe ṣòro tó láti jí. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìbéèrè.

Oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ́dún náà ni Selmo já bọ́.

Aládùúgbò ló sáré wá sọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nídìí oúnjẹ. Wọ́n bá a ní ìdí igi láàárọ̀, ó ti kú. Tay Melecio gbé ṣíbí sílẹ̀, ó bi í pé ṣé ẹsẹ̀ tó fọ́ yẹn ló tún yẹ̀ ni. Ẹni náà ní rárá o, imọ̀ tó dì mú ló já, omi òjò ti jẹ ìdí rẹ̀. Ludi ní, “Ẹsẹ̀ yẹn ò lè yẹ̀.” Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó fọ abọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé lọ́sàn-án ló ní kí n sin òun lọ.

Ilé Nay Consing kún fún èèyàn. Àwọn kan ń ta káàdì lábẹ́ ilé, bí a ti ń ṣe kí òkú má bàa dá wà. Nígbà tí wọ́n rí Ludi, wọ́n gbé káàdì sílẹ̀. Ó gòkè lọ sídìí pósí. Wọ́n ti pa ìdajì ìsàlẹ̀ dé, ojú nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀ lábẹ́ gíláàsì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo ojú náà. Láti ọjọ́ ìbéèrè ni kò ti wò ó.

Nay Consing jókòó nítòsí, kò sunkún mọ́. Ludi kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀ bí a ti ń kí àgbà. Ìyá náà jẹ́ kó ṣe é.

“Nay, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ní mi ò fẹ́ ẹ.”

“Mo mọ̀ ọ́n.” Nay Consing ló dáhùn. “Lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ló ti sọ fún mi. Ó ní, Nay, ẹsẹ̀ mi ló gbà sílẹ̀, ẹ má bínú sí i. Ó ní tóun bá ti rí nǹkan kó jọ, òun á tún rán Gorio padà, kí bàbá ẹ wá wí tiẹ̀. Òun ò bínú rí. Èmi ni mo bínú.”

Ìyá náà wo pósí, ó sì tún wò ó.

“O ṣiṣẹ́ ẹ dáadáa, Inday. Ẹsẹ̀ ọ̀hún san tán pátápátá. Ká ní o jẹ́ kó bàjẹ́ ni, ǹ bá ní arọ kan nínú ilé báyìí, tí n ó máa pariwo lé lórí láràárọ̀ pé kò wúlò.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé e sórí itan. Mo fa Ludi dìde. Nílé òkú tiwa, wọn kì í sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, torí náà kò sẹ́ni tó dìde, kò sẹ́ni tó ní ó dàbọ̀. Mo ṣáájú, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì sọ̀kalẹ̀ sínú òjò.